Apòògùn tí ìṣètò àti ríra oògùn wù: ilé ìwòsàn nílé, ẹ̀ka ìpèsè ìjọba, tàbí NHS?

Apòògùn tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ni gbogbo èèyàn mọ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí tó jókòó lẹ́yìn, tó ń ṣírò iye abẹ́rẹ́ ceftriaxone tí ilé ìwòsàn máa lò fún oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, ọwọ́ ta ni wọ́n ti máa rà á, àti bí kò ṣe ní pẹ́ ní sítọ́ọ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi kọjá. Òun náà ló ń wọ wọ́ọ̀dù, tó ń yẹ ìwé ìtọ́jú wò, tó ń sọ fún dókítà pé oògùn méjì yìí kò bára wọn rẹ́, tàbí pé aláìsàn yìí ti lè kúrò lórí abẹ́rẹ́ bọ́ sórí oníhóró. Ẹ̀mí èèyàn àti owó ńlá ló wà lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé kò sí ẹ̀ka kankan nínú iṣẹ́ apòògùn tí a nílò jù ú lọ lásìkò yìí.

Ọ̀dọ́ apòògùn tó bá parí ìsìnrúùlú, tí iṣẹ́ yìí sì wù ú, ọ̀nà mẹ́ta gbòógì ló wà níwájú rẹ̀: kó dúró sí ilé ìwòsàn nílé, kó lọ sí ẹ̀ka ìpèsè oògùn ti ìjọba àti àwọn àjọ olùrànlọ́wọ́, tàbí kó kọjá sí Ìlú Ọba láti bá NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kẹrin wà, ìyẹn ilé iṣẹ́ oògùn. Èmi yóò kàn fọwọ́ bà á ni.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Èkíní ni owó tó máa jáde lápò yín àti ọdún tí ẹ máa lò kí ọ̀nà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Èkejì ni bí iṣẹ́ náà ṣe ṣeé gbára lé: ṣé owó oṣù ń wọlé lásìkò, ṣé iṣẹ́ náà yóò ṣì wà lẹ́yìn ọdún márùn-ún? Ẹ̀kẹta ni irú èèyàn tí iṣẹ́ náà bá lára mu.

Ẹ̀kẹrin ni mo fi wúwo ju gbogbo wọn lọ, òun náà ni agbára ìpinnu. Ta ló ń fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ra oògùn báyìí, kí wọ́n má ra tọ̀hún? Apòògùn tí kò sí nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu yẹn lè kàwé títí, kò ní kọ́ iṣẹ́ ríra oògùn.

Ọ̀rọ̀ ríra oògùn lọ́nà tó máa tọ́jọ́ tún wà níbẹ̀. Nílùú Ọba, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Nílé, ohun tí a kọ́kọ́ ń rò ni pé kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má tán lórí pẹpẹ lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí ìjà láàárín méjèèjì. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá ní sítọ́ọ̀ ti jẹ epo ọkọ̀ ojú omi, ó ti jẹ epo dísù tí wọ́n fi mú yàrá rẹ̀ tutù, ó sì ti jẹ owó aláìsàn, láìwo ẹnikẹ́ni sàn. Ẹni tó bá dín irú oògùn bẹ́ẹ̀ kù ti ṣe ayé àti àpò ilé ìwòsàn lóore.

Ilé ìwòsàn nílé

Mo bẹ̀rẹ̀ níbí nítorí pé ibí ni àwọn èèyàn ń fojú kéré jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìpinnu ti tètè ń dé ọwọ́ apòògùn. Ní UCH Ìbàdàn, LUTH, OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀, ohun tó gbé ẹ̀ka oògùn ró ni àpò owó tí gbogbo wa ń pè ní DRF (Drug Revolving Fund). Ìpàdé tí àwọn mínísítà ètò ìlera Áfíríkà ṣe ní Bàmákò ní 1987 ló gbé irú ètò yìí káàkiri: kí owó tí aláìsàn san fún oògùn padà wá ra oògùn mìíràn, kí pẹpẹ má ṣófo. Wọ́n á fi owó ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi èrè díẹ̀ lé iye tí wọ́n rà á, wọ́n á sì ya àpò náà sọ́tọ̀ kúrò nínú owó ilé ìwòsàn yòókù.

Lórí ìwé, ó rọrùn. Ohun tó ń pa á ni iṣẹ́ yín gan-an. Àwọn aláṣẹ á yá owó níbẹ̀ láti fi ra dísù, wọn kò ní dá a padà. Wọ́n á fún tálákà lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní fi owó náà rọ́pò. Àwọn HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìdójútòfò ìlera, á jẹ gbèsè fún oṣù púpọ̀. Ọ̀wọ́n ọjà ló tún burú jù: owó tí ẹ ta páálí kan lónìí kò ní ra páálí kan lọ́la. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, tí GSK sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà pé òun ń kógbá wọlé, owó Ventolin, Augmentin àti Seretide fò sókè débi pé aláìsàn míì kò lè sún mọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá, Sanofi náà kéde pé ọwọ́ alágbàtà lòun máa fi ọjà òun sí. Ẹ̀ka oògùn tó ń fi iye àtijọ́ tajà títí ọjà fi tán kò rówó ra òmíràn. Èyí tó ń yẹ iye tó máa ná an láti ra tuntun wò kó tó lé owó lórí ọjà, tó sì ti bá ju ilé iṣẹ́ kan lọ dúnàádúrà, kò ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo irú ìpinnu mìíràn tó máa já lé yín léjìká. Oxytocin ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 (Celsius) ló yẹ kó wà. Bí ooru bá pa á lára, agbára rẹ̀ á dínkù, ẹ kò sì ní mọ̀ nípa wíwò ó. Èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà lè jẹ́ èyí tó ti sùn nínú ọkọ̀ gbígbóná láti ìlú kan dé èkejì. Carbetocin tí kò bẹ̀rù ooru wà, WHO sì ti fọwọ́ sí i láti 2018, ṣùgbọ́n owó ìgò rẹ̀ kan lè ju ti oxytocin lọ. Apòògùn tó ń ṣírò iye ìgò nìkan á ra oxytocin. Ẹni tó bá ṣírò fíríìjì, iná mànàmáná tí kò dúró àti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, ó lè yan òdìkejì fún ilé ìwòsàn tí kò ní sólà. Mi ò mọ iléèwé kankan tó lè kọ́ èèyàn ní èyí ju kí ó wà níbẹ̀ lọ.

Ọwọ́ ta ni ẹ ti máa rà? Ọjà Ìdúmọ̀tà máa ń fa ojú mọ́ra nítorí iye rẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti ìsọ̀ oògùn pa níbẹ̀, ní Onitsha àti ní Aba, nítorí ayédèrú oògùn àti èyí tí wọ́n tọ́jú sínú ooru. Ríra tààrà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tàbí lọ́wọ́ alágbàtà tó níwèé àṣẹ, lè wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ ibi tí oògùn náà gbà dé. Fidson àti May & Baker ní ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà; ọ̀nà láti Ọ̀tà dé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kúrú, ìpè padà rọrùn bí ìpele (batch) kan bá lábùkù, owó náà sì ń pèsè iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Fún mi, èyí ni ìdí tó lágbára jù láti máa fi ọjà abẹ́lé síwájú níbi tí ó bá ti dọ́gba pẹ̀lú ti òkèèrè.

Owó tí ọ̀nà yìí ń gbà kò pọ̀. Ẹ lè máa gba owó oṣù kí ẹ tún máa ṣe ìdánwò fellowship ti WAPCP, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn apòògùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ipò consultant fún apòògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló tètè ń mú un ṣẹ. Iṣẹ́ náà dúró, wọn kì í ṣàdédé lé èèyàn. Owó oṣù lórí CONHESS, ìlànà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ni kò tó nǹkan lójú ọ̀wọ́n ọjà yìí, ìyanṣẹ́lódì JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, sì lè dá gbogbo ètò dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó ní ìdílé láti bọ́ gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa.

Ẹ̀ka ìpèsè ìjọba àti àwọn àjọ olùrànlọ́wọ́

Níbí, ẹ kò ní máa rí aláìsàn. Nọ́ńbà àti ọ̀nà ni ẹ máa bá ṣe: iye oògùn ibà, ti HIV, ti ikọ́ ife àti ti ìfètòsọ́mọbíbí tí gbogbo ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ kan lò, iye tó kù, iye tó yẹ kí ọkọ̀ gbé lọ àti ọjọ́ tó yẹ kó dé. Ẹ̀ka àpapọ̀ tó ń darí rẹ̀ wà ní Mínísírì Ètò Ìlera, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní ẹ̀ka tiwọn tí wọ́n ń pè ní LMCU. Kano dá ilé iṣẹ́ ìpèsè oògùn tirẹ̀ sílẹ̀. Apòògùn tó bá fẹ́ mọ bí ìpínlẹ̀ ṣe ń ra oògùn pa pọ̀ fún ilé ìwòsàn púpọ̀ yẹ kó kà nípa rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ́ kò kéré. Ní oṣù kejì 2015, iná jó ilé ìkóoògùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, oògùn tí àwọn àjọ àgbáyé kó wá sì ṣòfò. Gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló mọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ òrùlé kan. Ìmọ̀ ìṣírò ìlò, ìtọ́jú ilé ìkẹ́rù, kíkọ téńdà lábẹ́ òfin ìrajà ìjọba ti 2007: gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbé lọ sí ibòmíràn. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ IAPHL, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìpèsè oògùn kárí ayé, kò náni ní kọ́bọ̀, ìjíròrò wọn sì ń la ojú ẹni.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń yẹ̀ ni ìfọkàntán. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, dúró. Nígbà tó di oṣù keje, àjọ náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Àwọn apòògùn tó ń gba owó tó dára jù nínú iṣẹ́ ìpèsè rí i pé iṣẹ́ wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, ẹ ya iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí owó òkèèrè ń gbé ró. Ti ìpínlẹ̀ kéré lówó, ó pẹ́ láyé. Ti àjọ òkèèrè tóbi lówó, ó ní ọjọ́ tí ìwé àdéhùn rẹ̀ parí, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ máa tọ́jú owó láti oṣù àkọ́kọ́.

Ní ti agbára ìpinnu, àárín ló wà. Lórí oògùn tí Global Fund, àjọ àgbáyé tó ń fi owó gbógun ti HIV, ikọ́ ife àti ibà, ń rà, ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń dúnàádúrà. Iṣẹ́ yín ni láti sọ iye tí a nílò fún wọn. Bí iye yẹn bá ṣì, yálà kí oògùn tán tàbí kó bàjẹ́.

NHS

Owó ló kọ́kọ́ wà níbí. Apòògùn tó kàwé ní Nàìjíríà ní láti ṣe OSPAP, ẹ̀kọ́ ọdún kan ní yunifásítì níbẹ̀, lẹ́yìn náà ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 52, lẹ́yìn náà ìdánwò GPhC, àjọ tó ń forúkọ àwọn apòògùn sílẹ̀ níbẹ̀, tí èèyàn kò lè jókòó fún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, kí a tó sọ ti ìwé ìrìnnà, ilé àti oúnjẹ. Ẹ ka ìlànà lórí ìkànnì GPhC fúnra yín kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún mọ̀ pé Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí WHO kọ sílẹ̀ ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, ìlànà Ìlú Ọba kò sì gbà kí wọ́n wá kó òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wáṣẹ́ kò rú òfin. Ẹni tó bá wá bá yín nílé pé NHS ló rán òun, tó sì ń bèèrè owó, ẹ sá fún un.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, Band 6 nínú ìpele owó oṣù wọn ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, wọ́ọ̀dù sì ni. Àtẹ̀gùn náà hàn sí gbogbo ayé: Band 7, 8a, bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù ń wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Nínú ìṣètò oògùn, àfi kí a gbóríyìn fún wọn. Láti 2015 ni NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún wọn, ti gbé ìlànà kalẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń yẹ oògùn aláìsàn wò bó bá wọlé tàbí bó bá ń lọ ilé. Ẹ máa kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá oògùn tí kò wúlò mọ́ dúró fún àgbàlagbà tó ń lo mẹ́wàá, láìsí pé ojú ti dókítà.

Ríra oògùn ńkọ́? Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀ka kan ní NHS England ló ń ṣe àdéhùn fún ilé ìwòsàn gbogbo, apòògùn tó ń jókòó síbẹ̀ kò sì pọ̀. Àlejò lè lo ọdún púpọ̀ kó tó sún mọ́ tábìlì yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ dára láti mọ̀. Nígbà tí ẹ̀tọ́ àdáni lórí adalimumab, abẹ́rẹ́ fún àrùn oríkèé, parí ní oṣù kẹwàá 2018, NHS ń ná ju mílíọ̀nù 400 pọ́n-ùn lọ lọ́dún lórí oògùn kan ṣoṣo yẹn. Ó ṣeé ṣe fún wọn láti kó gbogbo ọjà náà fún ilé iṣẹ́ tó bá dín owó kù jù. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n pín in láàárín ilé iṣẹ́ mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa kúrò lọ́jà, kí ìdíje sì wà lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 300 pọ́n-ùn ni wọ́n ń rí fi pamọ́ lọ́dún. Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò ní Òṣogbo bó ṣe wúlò ní Leeds.

Lórí ọ̀rọ̀ àyíká, NHS ló ṣíwájú. Ní oṣù kẹwàá 2020, ó ṣèlérí pé èéfín tó ń jáde tààrà lọ́dọ̀ òun yóò di òdo ní 2040, ti àwọn tó ń tajà fún un ní 2045. Oògùn ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú gbogbo èéfín náà. Desflurane, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ń mú ayé gbóná ju ìlọ́po 2,500 carbon dioxide lọ. Scotland jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 2023, England tẹ̀lé e ní 2024. Ní Lothian ní Scotland, àwọn apòògùn ló ṣíwájú nínú wíwá ibi tí nitrous oxide, gáàsì tí wọ́n fi ń pa ìrora, ń lọ. Wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù ló ń jò dànù nínú páìpù kó tó dé imú aláìsàn, wọ́n sì ní kí wọ́n pa páìpù náà tì, kí wọ́n máa lo sílíńdà kékeré. Láti oṣù kẹrin 2022, ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 lára máàkì téńdà NHS ni wọ́n ń fún àyíká àti àǹfààní àwùjọ.

Ìnhélà asthma ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó kan ibi méjèèjì. Nílùú Ọba, apòògùn ń bèèrè bóyá aláìsàn lè kúrò lórí èyí tó ní gáàsì bọ́ sórí oníyẹ̀fun, nítorí èéfín. Nílé, ó ń bèèrè bóyá aláìsàn yóò rí èyíkéyìí rà rárá. Ìdáhùn kan náà ló sì wà fún ìdajì ìṣòro méjèèjì: kí aláìsàn lo oògùn tó ń dènà àìsàn náà déédéé, kó mọ bí wọ́n ṣe ń fà á símú, kó má bàa máa lo ìnhélà aláwọ̀ búlúù, èyí tó kàn ń mú kí èèyàn mí dáadáa kíákíá, kan tán lọ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ oògùn

Owó dára ju ti ìjọba lọ, ẹ sì máa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye ọjà láti inú. Ṣùgbọ́n ìhà olùtajà ni ẹ máa jókòó sí. Fún ẹni tó fẹ́ràn ríra àti ìlera aláìsàn, ọdún méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ tó.

Ta ni kí ó yan èwo?

Bí ó bá jẹ́ pé ríra oògùn gan-an ló ń wù yín, tí ẹ sì lè fara da owó oṣù tó kéré, ẹ dúró sí ilé ìwòsàn nílé, kí ẹ ṣe fellowship. Ní ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ alábọ́ọ́dé, ẹ lè wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan oògùn kí ẹlẹgbẹ́ yín nílùú Ọba tó jáde nínú ìkọ́ṣẹ́.

Ẹni tó fẹ́ràn ìṣírò, tí kò kọ ìrìnàjò, tí kò sì nílò kí aláìsàn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sí ẹ̀ka ìpèsè, ti ìpínlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá. Kí ó ka iṣẹ́ àjọ òkèèrè sí ìrírí, kó má kọ́ ilé lé e.

Ẹni tí wọ́ọ̀dù ń pè, tó fẹ́ di ọ̀gá nínú yíyẹ oògùn wò tàbí nínú oògùn àti àyíká, tó sì ní owó OSPAP lọ́wọ́ láìta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, NHS ló bá a mu. Ẹni tó máa yá owó náà pẹ̀lú èlé, mi ò gbà á nímọ̀ràn. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn lè tán kí gbèsè tó tán. Tọkọtaya tó ní ọmọ kéékèèké yẹ kí wọ́n ṣírò ọdún méjì tí owó tó ń wọlé kò ní tó nǹkan.

Ẹni tí kò tíì lè yàn, kí ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ nílé ìwòsàn kó gbé òun lọ sí sítọ́ọ̀ fún ọdún kan. Kó ka gbogbo páálí, kó ṣètò wọn kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ máa kọ́kọ́ jáde, kó kọ iye oògùn tó bàjẹ́ lóṣooṣù àti ohun tó fà á sílẹ̀, kó sì bá àwọn olùpèsè dúnàádúrà lójú ọ̀gá rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ni kó mú lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Abuja, ní Manchester, tàbí ní WAPCP ní Yábàá.